Orúkọ Tí A Sọ Agbo-ilé Kọ̀ǹpútà Wa

"Ọmọ Pobẹ̀, wá yọ orúkọ ìlú yín kúrò lójú òdìnatẹ̀ mi!"

Báyìí ni Bàbá Rààfíù ṣe kí mi káàárọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Ajé kan tí inú mi ń dùn, tí mo rò pé mo ti parí iṣẹ́ tó ti ń gba oorun lójú mi. Bàbá Rààfíù ni olórí bùró, ìyẹn ọ́fíìsì, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Sakété. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn olùkọ́ kò sì tíì kúrò lọ́fun wọn. Kí n tó ráyè sọ pé "ẹ káàárọ̀, bàbá", wọ́n ti pa fóònù.

Èmi ni mò ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà, èyí tí Bàbá ń pè ní òdìnatẹ̀, ní olú bùró wa ní Pobẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún díẹ̀, nítorí pé ìyá tó bí mi gan-an ṣì ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé tẹlifísọ̀n ni mò ń tún ṣe. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti pọ̀, a kì í jẹ́ kí kálukú wọn máa dá gbé. A máa ń kó wọn sínú agbo-ilé kan tí à ń pè ní dòmẹ́ìnì. Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń jẹ́ sẹ́fà ni baálé ibẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, òun ló sì mọ yàrá tí kálukú lè ṣí. Bí ẹ̀rọ kan bá ti wọ agbo-ilé yìí, ẹni tó jókòó tì í ní Sakété á máa rí ohun tí ẹni tó wà ní Pobẹ̀ ń rí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà ni pé n kò ní láti dìde. Láti orí àga mi ní Pobẹ̀ ni mo ti lè wọ inú ẹ̀rọ tó wà ní Sakété, kí n pàṣẹ fún un pé kó dara pọ̀ mọ́ agbo-ilé, kí n pa á, kí n tún un tàn, eruku ọ̀nà kò sì ní í kan bàtà mi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, Tàǹtí Jùlíẹ́tì, akọ̀wé Sakété, rí i tí ọfà kékeré ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀. Ó pe Jésù, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni bo ìkòkò. Ó pẹ́ kí ó tó gbà pé èmi ni. Láti ọjọ́ náà, bí n bá fẹ́ wọlé, mo máa ń pè é ná.

Ọkùnrin Gùn kan ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Fofó Sẹ̀nà ni a máa ń pè é, nítorí "fofó" ni àwọn Gùn ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin. Ó ní òfin kan tó máa ń sọ bó ti ń kan orí tábìlì bí ẹni kan ìlẹ̀kùn: "Má yọ ẹ̀rọ kúrò nínú agbo-ilé láìfún un ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí ó bá jáde tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́, ìta ni yóò wà, ìwọ náà á wà níta." Kọ́kọ́rọ́ tó ń wí ni ọ̀rọ̀ ìwọlé tó jẹ́ ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Mo mọ òfin yìí ju orúkọ àwọn ìbátan mi lọ.

Ohun tó mú mi gbé iṣẹ́ Sakété karí ni irúgbìn àgbàdo. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń súnmọ́, ẹgbẹ́ wa máa ń pín irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ Pobẹ̀ nìkan ni orúkọ gbogbo wọn wà. Àwọn ará Yoko àti Agidi, tí Sakété wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, gbọ́dọ̀ gun zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò, dé Pobẹ̀, kí wọ́n tò, kí wọ́n tún gbé àpò irúgbìn sórí itan padà. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, ìyá àgbà kan láti Agidi dé lẹ́yìn tí a ti tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lórí bẹ̀ǹṣì ìta wa, aṣọ rẹ̀ rin gbindin. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lóru. Kò bínú rárá. Ó kàn ń wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí òjò gbà lọ, ó ní, "Oko mi ló gba òjò yẹn, ọmọ mi, kò sì sí nǹkan kan nílẹ̀ tó máa mu ún." Omi bọ́ lójú mi. Mo ṣèlérí fún un pé lọ́dún tó ń bọ̀, Sakété ni wọn yóò ti gba irúgbìn wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀rọ Sakété wọ agbo-ilé láti Pobẹ̀. A ti kéde fún Yoko, a ti kéde fún Agidi, pé ní ọjọ́ ọjà Sakété tó ń bọ̀, kí oníkálukú lọ gba irúgbìn tirẹ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà yìí ni Bàbá Rààfíù wá pè mí.

Mo wo ojú ẹ̀rọ mi. Kò sí ẹ̀rọ Sakété kan ṣoṣo tó ń dáhùn. Mo pe Tàǹtí Jùlíẹ́tì.

"Tàǹtí, ẹ káàárọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Mi ò rí yín mọ́."

"O ò lè rí wa. Bàbá ní ká fa gbogbo okùn rezó tó so wá mọ́ yín yọ, a sì ti fà á yọ."

"Nítorí kí ni?"

"Nígbà tí kálukú tan ẹ̀rọ ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ohun tó kọ sísàlẹ̀ ibi tí à ń kọ orúkọ sí ni *Se connecter à : POBE*, pé ká wọlé sí Pobẹ̀. Bàbá bi wá pé láti ìgbà wo ni ọmọ Sakété ti ń gba ẹnu ọ̀nà Pobẹ̀ wọ yàrá ara ẹ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Tàǹtí kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín o, Àlàkẹ́. Èmi náà rí i, kò sì dùn mọ́ mi."

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọ Pobẹ̀ á fẹ́ ọmọ Sakété, wọ́n á bí ọmọ, wọ́n á kọ́lé, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn nípa ìlú tó ju ìlú kò ní í tán lẹ́nu wọn títí alẹ́ ọjọ́ wọn yóò fi lẹ́. Mo mọ̀ dájú, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ará Pobẹ̀ ni bàbá mi, ọmọ Sakété ni ìyá mi. Bí ọbẹ̀ bá ti ń dùn jù, bàbá mi á ní ní Pobẹ̀ ni ìyá mi ti kọ́ ọ. Bí ó bá sì jóná, Sakété ló ti gbé e wá.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí, báwo ni a ṣe wá sọ dòmẹ́ìnì ní Pobẹ̀? Kò sí ẹni tó gbìmọ̀ ibi. Lọ́jọ́ tí a ń to sẹ́fà, ó béèrè orúkọ lọ́wọ́ wa. Èmi, dìrẹkitọ̀ wa, àti Bàbá Fẹ́lì oníṣirò owó la wà níbẹ̀. Ẹnu gbogbo wa ló ṣí papọ̀: "Pobẹ̀!" Bí ẹja ò ṣe mọ̀ pé inú omi lòun wà, bẹ́ẹ̀ làwa náà ò mọ̀ pé Pobẹ̀ la wà nígbà náà.

Mo sọ fún Tàǹtí pé kó jẹ́ kí n tún Bàbá pè lórí fóònù kí n bẹ̀ wọ́n. Ó mí kanlẹ̀.

"Wáyà ló máa bá ọ kúnlẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé n kò ní í fi ẹsẹ̀ mi kan Sakété láti ṣiṣẹ́, mo gun zẹ́mìjàn, eruku pupa sì kún ojú àti etí mi.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ pé mò ń bọ̀. Gbogbo wọn ló ríṣẹ́ ṣe nínú yàrá Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ náà: èyí ń nu fèrèsé, èyí ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Bàbá Rààfíù kò gbójú sókè. "Ta nìyẹn?"

"Èmi Àlàkẹ́ ni, láti Pobẹ̀."

"Àlàkẹ́ tí mo mọ̀ kì í rìn. Mo gbọ́ pé inú wáyà ló máa ń gbà."

Ẹni tó ń nu fèrèsé fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní a kò fi ṣe ìwọ̀sí, mo ní àìronú ni, mo sì sọ ti àwọn ará Yoko àti Agidi tí wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá yọ awò ojú wọn.

"Ìyá ẹ, ọmọ ibo ni?"

"Ọmọ Sakété níbí ni, bàbá."

"Nígbà tí wọ́n bí ọ, bàbá ẹ nìkan ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Rárá, bàbá. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n sọ mí lórúkọ."

"Ta ló wá sọ ọ́ ní Àlàkẹ́?"

"Ìyá ìyá mi ni."

"Ìyẹn ni pé orúkọ tí o fi dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan, Sakété ló ti wá." Wọ́n nàka sí ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì. "Ọmọ tuntun dé sílé àwa méjèèjì. Ẹ kó ara yín jọ nílé bàbá, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jẹun, ẹ mu omi, ẹ ò sì ránṣẹ́ sílé ìyá. Kí ni ká pe irú ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ Sakété síbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n Bàbá mirí pé rárá.

"Mi ò ní kí o kọ Sakété. Bí o bá kọ Sakété, àwọn ará Pobẹ̀ á fa okùn tiwọn yọ, wọ́n á sì jàre. Lọ mú orúkọ wá láti ilé bàbá. Àwa náà á mú tiwa wá. Dìde, ẹsẹ̀ á ti máa dùn ọ́."

Nígbà tí mo padà dé Pobẹ̀, dìrẹkitọ̀ wa kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní ìlú, kí n sọ fún wọn kí wọ́n so okùn wọn padà kíá, irúgbìn ló wà nílẹ̀.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "bó bá jẹ́ pé Sakété ló kọ sójú tiyín ńkọ́?"

Kó tó ya ẹnu, Bàbá Fẹ́lì ti ké láti igun yàrá: "Láéláé! Kò lè ṣẹlẹ̀!"

Bàbá Fẹ́lì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé òun ti sọ ọ́ jáde. Dìrẹkitọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ó dáa, ó dáa," ló ń wí. "Pè wọ́n, ká sọmọ lórúkọ."

Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Sakété náà kó ara wọn jọ sídìí tiwọn. Pobẹ̀ kọ́kọ́ mú Ìrẹ́pọ̀ wá. Sakété ní orúkọ ẹgbẹ́ akọrin ni. Sakété mú Ìṣọ̀kan wá. Bàbá Fẹ́lì ní ilé ìwé ọmọ òun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun kò sì fẹ́ rántí owó ilé ìwé ní gbogbo ìgbà tóun bá tan ẹ̀rọ. Ẹnì kan dá a lábàá pé ká fi orúkọ dìrẹkitọ̀ sọ ọ́. Kò sí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ariwo nígbà tí Tàǹtí Jùlíẹ́tì gba fóònù.

"Kí ni gbogbo wa ń wá kiri níbí gan-an? Ṣé kì í ṣe àgbàdo ni?"

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn Bàbá Rààfíù.

"Àgbàdo ò mọ Pobẹ̀, kò mọ Sakété. Ẹni tó bá gbìn ín ló ń bá lọ. Orúkọ ló dé yẹn. Ẹ̀yin ará ilé bàbá, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Dìrẹkitọ̀ ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Bàbá gbàdúrà pé kí ọmọ náà dàgbà kó gbó, kí iná má ṣe kú lé e lórí. A ṣe àmín ní Pobẹ̀, wọ́n ṣe é ní Sakété, fóònù sì dà á pọ̀ mọ́ra.

Kí á sọ orúkọ kò le. Kí ẹ̀rọ gbà á ló le. Orúkọ dòmẹ́ìnì dà bí ilà ojú: bí a bá ti kọ ọ́, ó kọ náà nìyẹn. Ọ̀nà tó dá mi lójú ni kí n to agbo-ilé tuntun, kí n yọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ti àtijọ́, kí n sì mú un wọ ti tuntun. Mo pe Fofó Sẹ̀nà ní Àjàṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àbúrò mi," ló wí nígbà tí ikọ́ fi í lẹ̀, "n kò rí dòmẹ́ìnì tí wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ fún rí. Kọ́kọ́rọ́ wọn ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló ní, Fofó."

"Bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Kí sùúrù bá ọ ṣe é."

Mo kọ́kọ́ ṣe ti Pobẹ̀, nítorí pé ó ṣeé fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, Sakété so okùn wọn padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti orí àga mi. Ìgbà kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ẹ̀rọ tí o pàṣẹ fún máa ń pa ara rẹ̀ kó tó tún tàn. Ní àkókò náà, o kò rí i, o kò lè pè é, o kò sì mọ̀ bóyá yóò padà wá. Bí ẹ̀yìn odi ni ó wà. Èmi máa ń dìde rìn yí tábìlì ká ni. Ti Tàǹtí Jùlíẹ́tì lọ, ó padà. Ti ẹni tó ń nu fèrèsé lọ, ó padà. Ó wá ku ti Bàbá Rààfíù, èyí tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọn yóò ti máa fọwọ́ sí i kí irúgbìn tó jáde. Ìyẹn jáde kúrò nínú agbo-ilé àtijọ́, ṣùgbọ́n baálé tuntun kọ̀ ọ́ jálẹ̀.

Mo wá ìdí rẹ̀ títí. Okùn dára, ọ̀rọ̀ ìwọlé tọ̀nà. Mo bá pe Bàbá, mo ní kí wọ́n bá mi wo aago tó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ.

"Áà!" ni wọ́n wí. "Ọdún tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ níwèé ló kọ síbí."

Ìgbà náà ni ó yé mi. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń bá a rántí àkókò bí iná bá lọ. Ti Bàbá ti kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ìbínú fa okùn rezó yọ, okùn iná Bàbá bá a lọ, ẹ̀rọ sì gbàgbé ọjọ́ tí a wà. Sẹ́fà kì í gba ẹni tí aago rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tirẹ̀ láàyè. Ó máa ń rò pé olè ló ń parọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe sí ti òní."

"Ẹ̀rọ ti sọ mí di ọ̀dọ́, ìwọ fẹ́ sọ mí di arúgbó padà?"

Ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n sì ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń pe ìwé fún ọmọ iléèwé. Mo tún pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ó pa. Mo dìde, mo yí tábìlì ká. Bàbá Fẹ́lì náà dìde, ó ń tẹ̀ lé mi yí i ká, n kò sì mọ ohun tí òun ń wá.

Ohùn Bàbá Rààfíù dé láti inú fóònù, jẹ́ẹ́jẹ́: "*Se connecter à... AGBADO.*" A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. "Mo ti wọlé."

Bàbá Fẹ́lì ló dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá."

Lọ́jọ́ ọjà, n kò kúrò níwájú ẹ̀rọ mi. Láti Pobẹ̀, mò ń rí i bí wọ́n ṣe ń ṣí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní Sakété: ará Yoko kan, ará Agidi méjì, ará Yoko mìíràn. Bí orúkọ kan bá ti pa dé, mo mọ̀ pé àpò kan ti jáde nìyẹn. N kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ojú ọ̀run Pobẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ kan ní Sakété kú lójú mi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ti Tàǹtí, ti Bàbá Rààfíù ló gbẹ̀yìn. Kò ku ẹyọ kan.

Mo pe Tàǹtí, kò gbé e. Mo pe Bàbá, wọn kò gbé e. Mo rò pé iná ló lọ. Mo rò pé sẹ́fà ti lé wọn jáde. Mo tún rò pé ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ kan tó bí Bàbá nínú, tí wọ́n sì ti fa okùn yọ lójú àwọn èrò tó tò. Ojú àwọn àgbẹ̀ tó rìn wá tí wọn yóò padà lọ́wọ́ òfo kò kúrò níwájú mi. Mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, mo ti ń wá zẹ́mìjàn lójú fèrèsé, kí fóònù tó dún. Tàǹtí Jùlíẹ́tì ni. Ariwo afẹ́fẹ́ àti ti ọ̀kadà ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Tàǹtí! Kí ló dé? Gbogbo ẹ̀rọ yín ti kú!"

"A pa á ni."

"Ẹ pa á? Irúgbìn ńkọ́?"

"Ó ti tán. Gbogbo ẹni tó wá ló ti gbà. Òjò ti ṣú láti ọ̀nà Agidi, Àlàkẹ́, kí la tún ń ṣe ní bùró? Gbogbo wọn ti sáré lọ sóko. Èmi gan-an, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo wà yìí, mo di àpò irúgbìn tèmi mú lórí itan."

"Bàbá Rààfíù ńkọ́?"

"Àwọn ló kọ́kọ́ sáré, èmi ni mo bá wọn pa tiwọn. Wọ́n ní kí n kìlọ̀ fún ọ, kí o má bá àwọn tan òdìnatẹ̀ láti ibẹ̀ o. Àwọn ò sí nílé."

Fóònù gé. Mo wo ojú ẹ̀rọ mi. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ń mí ní gbogbo Sakété, n kò sì tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo pa tèmi náà, mo jáde síta, mo dúró de òjò.